Àbẹ̀ḿbí lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọge

Níta ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláṣọ funfun kan ní Ẹlẹ́yẹlé, lábẹ́ igi máńgòrò, bẹ́ǹṣì gígùn kan wà. Òfin ìjọ náà ni pé obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù ò gbọdọ̀ wọ ilé àdúrà títí ọjọ́ méje á fi pé. Ṣùgbọ́n wọn ò ní kó má wá o. Á wọ aṣọ ilé, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, á máa gbọ́ ìwàásù lójú fèrèsé, á ṣe àmín tiẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọge àtàwọn ìyàwó ilé tí wọ́n ṣì ń bímọ ló ń jókòó síbẹ̀. Ìwàásù ń wọ etí ọ̀tún wọn, òfófó ń wọ tòsì, ìsìn kì í sì í pẹ́ lójú wọn.

Lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù karùn-ún ọdún 1985, Àbẹ̀ḿbí, ìyá Wándé, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, rọra wá síbẹ̀, ó ní kí wọ́n sún díẹ̀ fún òun.

Wọ́n sún fún un. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bọ́sẹ̀, tí ẹnu ẹ̀ kì í dilẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Màmá, ṣé ẹsẹ̀ ló ń dùn yín ni? Àga tó rọ̀ wà nínú ilé o."

"Ẹsẹ̀ ò dùn mí."

"Ta lẹ wá ń dúró dè níbí?"

"Ohun tẹ́ ẹ̀ ń dúró dè náà ni mò ń dúró dè. Ọjọ́ méje." Ó tún ìró ẹ̀ ró, ó kọjú sí fèrèsé. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìwàásù."

Bọ́sẹ̀ tún la ẹnu. Obìnrin tó jókòó tì í fi ìgbọ̀nwọ́ gún un ní ẹ̀gbẹ́ pé kó pa á dé.

Ẹ má dá Bọ́sẹ̀ lẹ́bi. Ẹni tó bá mọ Àbẹ̀ḿbí ládùúgbò yẹn, ibi tí wọ́n ti máa ń rí i kọ́ nìyẹn. Sùtánà ló ń rán. Ìdajì àwọn tó ń wọ funfun láti Ẹlẹ́yẹlé dé Ṣàngó, ọwọ́ ẹ̀ ni aṣọ wọn ti jáde. Kíláàsì méjì ló kà kí bàbá ẹ̀ tó ní ó tó, ṣùgbọ́n tó bá wo èèyàn lókèèrè, á sọ iye yáàdì tó máa gbà, kò sì ní ṣì í. Ọkọ ẹ̀, Ọlánípẹ̀kun, ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Dùgbẹ̀ títí ó fi kú. Ọmọ mẹ́ta ló bí fún un. Wándé, àkọ́bí, ń tún fíríìjì ṣe ní Challenge, àwọn obìnrin méjèèjì ti wà nílé ọkọ.

Obìnrin tó pupa, tó sanra ni, ẹnu ẹ̀ sì mú. Tí oníbàárà bá ní sùtánà òun ti fún jù, á ní, "Èmi ò rán an fún jù. Ìwọ lo lọ jẹun sínú ẹ̀."

Ohun tó fi ń yangàn láyé ò ju ọ̀kan lọ, aṣọ pẹpẹ ni. Nínú ìjọ náà, obìnrin kì í dé ìdí pẹpẹ, àfi ẹnì kan ṣoṣo tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dá dúró fún odindi ọdún kan, tí wọ́n fi jẹ Ìyá Pẹpẹ. Òun ló ń mú kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ dání. Ní gbogbo Sátidé, á bọ́ bàtà, á wọlé lóun nìkan, á ká aṣọ ti tẹ́lẹ̀, á tẹ́ èyí tó ti fọ̀, tó ti lọ̀, tó dán bíi dígí. Ọdún márùn-ún ni Àbẹ̀ḿbí ti ń ṣe é. Ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan láyé, kọ́kọ́rọ́ yẹn ni ìwé ẹ̀rí ẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ jáde, nínú oṣù kẹta, díẹ̀ ni. Ó ní bóyá máṣíìnì tí òun gbé láti yàrá dé ọ̀ọ̀dẹ̀ ló fà á. Ó tún jáde ní oṣù kẹrin. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, kò ṣeé pè ní ti máṣíìnì mọ́. Kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, ó lè panu mọ́ kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Àbẹ̀ḿbí ò lè fi ara tó ń ṣẹ̀jẹ̀ wọ ibẹ̀ kó wá sùn dáadáa. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó lọ bá Alàgbà Akínbíyì tó jẹ́ olórí ìjọ.

"Bàbá, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yìí lọ́wọ́ mi. Mo ti tún ń ṣe bí obìnrin."

Alàgbà, ọkùnrin onítìjú kan, gbójú sókè, ó ń wo àjà. "Ìyá, ó dáa. Tó bá ti parí, ẹ padà wá gbà á."

Kò bi í léèrè nǹkan kan, òun náà ò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó ṣe dórí bẹ́ǹṣì nìyẹn. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ọjọ́ méje náà kì í pé. Pínnì ló fi ń kà á, ó ń gún un mọ́ kọ́sínì ìránṣọ ẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ kan tí ẹ̀jẹ̀ ò bá jáde. Tó bá ti gún ẹ̀kẹrin tàbí ẹ̀karùn-ún, ẹ̀jẹ̀ á tún yọjú, á fa gbogbo ẹ̀ tu, á bẹ̀rẹ̀ látorí ení. Oṣù kẹfà kọjá, oṣù keje wọlé, kò tíì gba kọ́kọ́rọ́ padà. Ẹlòmíì ló ń tẹ́ aṣọ pẹpẹ, ó sì ń tẹ́ ẹ wọ́.

Àwọn obìnrin orí bẹ́ǹṣì wá sọ ọ́ di ẹgbẹ́ wọn. Bọ́sẹ̀ ní wọ́n máa tó rí Sárà ìjọ wọn.

"Màmá, ẹ wá ọkọ o. Ìyàwó Ábúráhámù ju báyìí lọ kó tó bí."

"Ábúráhámù wà lọ́dọ̀ ẹ̀ nígbà yẹn. Tèmi wà ní ìtẹ́ òkú. Ṣé kí n lọ jí i?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ń bú wọn, ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, inú ẹ̀ ń dùn díẹ̀. Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ṣì kéré? Ara ẹ̀ sì ń dán lóòótọ́. Tí wọ́n bá bi í pé kí ló ń fi para, á ní àdúrà ni.

Kì í ṣe àdúrà. Lọ́dún tí nǹkan oṣù ẹ̀ dá dúró, ooru kan dé tó máa ń gùn ún láti àyà bọ́ sí orí, tó jẹ́ pé láàárín ìwàásù, aṣọ ẹ̀ á rin bí ẹni tí òjò pa. Dókítà aládàáni kan fún un ní oògùn oníhóró kékeré, ti oṣù mẹ́ta, ó ní tó bá tán kó padà wá. Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ooru lọ, oorun dé, ara ń jọ̀lọ̀. Kí ló tún fẹ́ padà lọ ṣe lọ́dọ̀ dókítà? Ó mú páálí òfìfo lọ sí kẹ́míìsì kan ní Ṣàngó, ẹni tó ń tajà wo páálí, ó mú òmíràn fún un. Bó ṣe ń rà á nìyẹn láti ọdún márùn-ún, hóró kan láràárọ̀, kó tó mu ẹ̀kọ. Ó ti bá a lára mu débi tí kò kà á sí oògùn mọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ fún, Ràṣídátù tó ń ta aṣọ funfun ní Dùgbẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti jọ ń ṣòwò. Ọ̀kan ń lọ sí mọ́sáláṣí, ọ̀kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì mọ àṣírí ara wọn ju bí àwọn ọmọ wọn ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Nígbà tí ooru tirẹ̀ náà dé, Àbẹ̀ḿbí fún un ní páálí kan, ó ní, "Lo èyí, wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Lọ́jọ́ tó lọ ra aṣọ nínú oṣù keje, ó tẹ̀ mọ́ orí ìdì aṣọ, ó ń mí gúlegúle.

"Kí ló dé tó o ń mí bí ẹni tó gun òkè?" Ràṣídátù bi í.

"Ẹ̀jẹ̀ yìí ni. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ó pọ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ wo?"

Ó sọ fún un, ó sì fi ọ̀rọ̀ Sárà kún un kí wọ́n lè rí ẹ̀rín rín. Ràṣídátù ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé irin ìwọnṣọ sílẹ̀.

"Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀ o, Àbẹ̀ḿbí. Nígbà wáàsí, Àlùfáà ṣàlàyé ẹ̀ fún àwa obìnrin. Ó ní èyí tó bá wá lásìkò ẹ̀, nǹkan oṣù nìyẹn, kéèyàn má kírun. Ṣùgbọ́n èyí tó bá wá nígbà tí kò yẹ kó wá, ẹ̀jẹ̀ àìsàn ni. Ó ní kó fọ̀ ọ́, kó kírun ẹ̀, kó sì lọ gba ìtọ́jú."

"Ìyẹn tiyín. Tiwa ní ká jókòó síta."

"Jókòó síta títí di ìgbà wo?"

"Títí ọjọ́ méje á fi pé. Wọn yáàdì mẹ́wàá fún mi, jàre."

Ràṣídátù wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn bá Àbẹ̀ḿbí wọ takisí dé ilé.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan tí kò tíì pẹ́ nínú ìjọ náà bọ́ sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Fọláyọ̀ lorúkọ ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní ọsibítù ńlá kan. Ó kí i, ó dúró títí wọ́n fi kọ orin méjì, ó wá tẹ̀ sí etí ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹni ọdún mélòó ni yín?"

"Ṣé o fẹ́ fẹ́ mi ni?"

"Rárá mà. Láti ìgbà tí mo ti dé ìjọ yìí, ìgbà mẹ́ta ni mo ti jókòó síbí. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo bá yín níbí."

"O ń kà mí?"

"Iṣẹ́ wa ni, mà. Ìgbà wo ni nǹkan oṣù yín dá dúró?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́fà. Ó wá padà wá kí mi."

Fọláyọ̀ mi orí. "Kì í padà wá, mà. Tó bá ti lọ fún odindi ọdún kan, ohun yòówù tó bá wá lẹ́yìn ìyẹn, kì í ṣe òun mọ́."

"Kí wá ni?"

"Mi ò mọ̀. Nǹkan kékeré lè fà á, nǹkan ńlá náà lè fà á. Torí náà ni mo ṣe fẹ́ ká lọ wò ó lọ́la."

Àbẹ̀ḿbí ń wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ẹnì kìíní ní ẹ̀jẹ̀ àìsàn ni. Ẹnì kejì ní kì í ṣe nǹkan oṣù. Àwọn méjèèjì ò mọ ara wọn rí.

"Aago mélòó lọ́la?" ó bi í.

Wándé ló bá a lọ. Ó jókòó níta, ojú ń tì í láti gbọ́ ọ̀rọ̀ abẹ́ ìyá ẹ̀. Dókítà tó gbà á wọlé ń jẹ́ Adégbìtẹ́, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ń fi sùúrù sọ̀rọ̀. Ó béèrè bóyá ó ń lo oògùn kankan. Àbẹ̀ḿbí ní rárá. Kò purọ́ o, bó ṣe rí lọ́kàn ẹ̀ nìyẹn. Fọláyọ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló yí ìbéèrè náà padà.

"Mà, kí lẹ kọ́kọ́ máa ń fi sẹ́nu tẹ́ ẹ bá jí?"

"Hóró ooru mi, kí n tó mu ẹ̀kọ."

Ó tú u jáde nínú pọ́ọ̀sì ẹ̀. Dókítà gbà á, ó kà á, ó bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní láti ọdún márùn-ún. Dókítà gbé e sórí tábìlì, kò dá a padà fún un.

Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n ha inú ilé ọmọ ẹ̀, wọ́n fi ohun tí wọ́n ha ránṣẹ́ síbi àyẹ̀wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Dókítà Adégbìtẹ́ pè é jókòó. Ó ní jẹjẹrẹ ni, inú ilé ọmọ ló wà.

Àbẹ̀ḿbí gbọ́ ọ, ó ń wo ẹnu dókítà bí ẹni tó ń wo ẹnu abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ kéré.

"Ibo ló ti wá?"

"Màmá, nǹkan méjì kan wà nínú ara obìnrin, họ́mónù là ń pè wọ́n. Ara fúnra ẹ̀ ló ń ṣe wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé wọn kiri. Àkọ́kọ́ ló máa ń mú kí inú ilé ọmọ nípọn, kó rọ̀, bóyá ọmọ á fẹ́ sùn síbẹ̀. Èkejì ló máa ń wá sọ fún un pé ó tó, má nípọn mọ́. Tọ́mọ ò bá wá, àwọn méjèèjì á lọ sílẹ̀, ibi tó nípọn yẹn á já dànù. Òun ni nǹkan oṣù."

"Tó bá wá dá dúró ńkọ́?"

"Èkejì ti lọ pátápátá nìyẹn. Àkọ́kọ́ á ṣì kù díẹ̀, torí pé ọ̀rá ara náà máa ń ṣe é. Bí obìnrin bá wá ní ara díẹ̀..."

"Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yí mi ká, Dókítà. Mo sanra. Ọkọ mi fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó mú páálí oògùn yẹn. "Inú hóró yìí, àkọ́kọ́ yẹn gan-an ló wà níbẹ̀, òun nìkan. Fún oṣù díẹ̀, tí dókítà bá ń ṣọ́ ọ, kò burú. Ọdún márùn-ún lẹ fi ń gbé e wọlé lójoojúmọ́, èkejì tó yẹ kó sọ pé ó tó ò sí nílé. Ibẹ̀ ń nípọn, ó ń nípọn, títí apá kan fi ya kúrò lọ́nà, tí kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́."

Àbẹ̀ḿbí rò ó.

"Ìyẹn ni pé ẹni tó ń bomi rin koríko wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó ń fi àdá gé e ti gba rìtáyà."

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, Màmá."

"Èmi wá ń pọnmi fún un láràárọ̀."

"Ẹ má gbé gbogbo ẹ̀ lé ara yín lórí. Àwọn kan wà tí wọn ò fẹnu kan hóró rí, ó ṣe wọ́n. Ọpẹ́ ibẹ̀ ni pé ó dà bíi pé kò tíì jáde kúrò nínú ilé ọmọ. Tá a bá yọ ilé ọmọ náà báyìí, a máa yọ ọ́ tòun tiẹ̀."

"Ẹ máa yọ ilé ọmọ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Odindi?"

"Odindi."

Ó dìde. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ rò ó. Dókítà ní kó má rò ó pẹ́, torí ohun tó wà nínú ilé lónìí, tó bá bọ́ síta, ó lè ṣòroó lé bá.

Wándé rò pé abẹ ló ń bà á lẹ́rù. Fọláyọ̀ rò pé jẹjẹrẹ ni. Kì í ṣe ìkankan. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá ìyá ẹ̀ ti sọ fún un pé obìnrin tó bá lọ sọ́run láìní ilé ọmọ, bẹ́ẹ̀ ló máa ṣe padà wá, á yàgàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ti di Kristẹni láti ogójì ọdún, kò gbọ́ ọ nínú ìwàásù kankan, kò sì lè sọ ọ́ lójú Alàgbà. Ṣùgbọ́n ó wà nínú ẹ̀ níbẹ̀, ó jókòó. Ẹni tó ti bí mẹ́ta, tó mọ bó ṣe rí, ṣé kó wá lọ fọwọ́ ara ẹ̀ ti ilẹ̀kùn yẹn?

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ó dá hóró náà dúró, ooru sì padà dé bí ẹni tó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nínú ìjọ, wọ́n gbọ́. Arábìnrin kan ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọbẹ kàn án. Alàgbà Akínbíyì ló dá arábìnrin náà lẹ́kun. Lọ́tẹ̀ yìí, kò wo àjà, ojú Àbẹ̀ḿbí ló ń wò.

"Ìyá, láti oṣù karùn-ún lẹ ti gbé kọ́kọ́rọ́ wá fún mi, mi ò béèrè ohun tó ṣe yín. Ojú ló tì mí. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń béèrè. Àwa á máa gbàdúrà tẹ̀ lé yín."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, síbẹ̀ kò lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì wọlé, ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí i, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń funfun.

Ràṣídátù ló wá bá a nílé, ní ọ̀sán gangan, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀. Wándé ti lọ bá a. Ràṣídátù ò kí ẹnikẹ́ni, ó jókòó sórí àga oníbàárà.

"Wọ́n ní o kò fẹ́ ṣe é."

"Ràṣí, kí o tó bẹ̀rẹ̀, hóró tí mo fún ọ, dà á nù. Òun ni wọ́n ní ó ń bọ́ nǹkan yìí."

"Mo ń lò ó láti oṣù Kérésì."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo fún ọ. Mi ò sùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún mi. Lọ bá Fọláyọ̀ kí wọ́n wò ọ́."

"Màá lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní dá lọ, torí náà sọ ohun tó ń dá ọ dúró fún mi."

Àbẹ̀ḿbí wo ẹnu ọ̀nà, ó rí i pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Ó sọ ọ́. Ohun tí ìyá ìyá ẹ̀ sọ, ó sọ ọ́ tán, ó wá ń dúró kí Ràṣídátù fi òun rẹ́rìn-ín. Ràṣídátù ò fi í rẹ́rìn-ín.

"Ayé wo lo fẹ́ tún wá, Àbẹ̀ḿbí? Èyí tó o wà nínú ẹ̀ yìí, o ò tíì parí ẹ̀. Wándé ò tíì gbéyàwó."

"Mo mọ̀."

"Tó o bá tún ayé wá, tó o yàgàn, màá bímọ fún ọ. Màá bí mẹ́rin, màá gbé méjì wá fún ọ tòun ti ìdọ̀tí ìdí wọn."

"Ṣé ẹ̀yin Mùsùlùmí náà ń tún ayé wá ni?"

"A kì í wá. Ṣùgbọ́n torí tìẹ, màá bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí n wá lẹ́ẹ̀kan."

Àbẹ̀ḿbí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi di ẹkún, ó sunkún náà títí ó fi tán. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fi aṣọ bo máṣíìnì, ó ní kí Ràṣídátù bá òun di ẹrù. Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, wọ́n gbé òǹtẹ̀ wá kó tẹ ìka sí ìwé pé òun gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí wọ́n fún òun ní bírò. Ó kọ orúkọ ara ẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, ó pẹ́ díẹ̀, kò sẹ́ni tó kán an lójú.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó jí, ó rí Wándé, ó ní ṣé ó ti jẹun. Òun fúnra ẹ̀ ò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan, kò gbọdọ̀ mu omi, títí ìfun á fi jí tí yóò sì sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sùn ní wọ́ọ̀dù yẹn rí mọ ohun tí mò ń sọ. Láràárọ̀, Fọláyọ̀ á wá béèrè bóyá ó ti só, láìfi bò, lójú obìnrin mọ́kànlá. Ọjọ́ kìíní, rárá. Ọjọ́ kejì, rárá. Gbogbo wọ́ọ̀dù ti ń bá a retí ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, Alàgbà Akínbíyì àti àwọn àgbà ìjọ mẹ́ta wá gbàdúrà fún un. Àdúrà ń lọ, gbogbo wọn dijú, bó ṣe dún nìyẹn, kò sì kéré. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì pariwo àmín. Alàgbà, ẹni tí ojú ń tì, dé ìparí àdúrà láìṣi ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí wọ́n fún Àbẹ̀ḿbí ní ògì lílọ́wọ́ọ́rọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní látọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun ò jẹun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n yẹ Ràṣídátù náà wò. Wọn ò bá nǹkan kan. Wọ́n ní kó dá hóró dúró, kó máa padà wá fún wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti sọ ọ́, kò sì sọ ọ́ tán tí Àbẹ̀ḿbí fi gbá ọwọ́ ẹ̀ mú. Kò fi sílẹ̀ títí wọ́n fi lé àwọn àlejò jáde.

Èsì tirẹ̀ ló kù. Ohun tí wọ́n yọ, wọ́n ti gbé e lọ gé wò, bóyá nǹkan náà ti jáde kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló fi dúró dè é. Lọ́jọ́ tó pé, òun àti Wándé jókòó níwájú Dókítà Adégbìtẹ́, Wándé ò jókòó síta mọ́, Fọláyọ̀ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Dókítà ka ìwé náà fúnra ẹ̀ ná, ojú ẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Ó wá gbé e sílẹ̀.

"Màmá, kò jáde. Inú ilé ọmọ ló wà, kò tiẹ̀ tíì wọ ara ògiri ẹ̀ jìnnà. Ohun tá a yọ, òun náà ni gbogbo ẹ̀. Ẹ máa wá rí wa lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ká lè máa ṣọ́ ọ."

Wándé bo ojú. Àbẹ̀ḿbí ń wo ìwé tó wà lórí tábìlì.

"Dókítà, ibo lẹ gbé e sí?"

"Kí ni, mà?"

"Ilé ọmọ mi."

Dókítà wo Fọláyọ̀, Fọláyọ̀ wo ilẹ̀. "Ó wà níbi àyẹ̀wò, Màmá. Wọ́n máa ń tọ́jú ẹ̀ sínú ìgò fúngbà díẹ̀."

"Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀, ẹ lè rí i?"

"Mo lè rí i."

"Ẹ bá mi sọ fún un kó rọra gbé e." Ó fọwọ́ kan èjìká Wándé tó tẹríba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. "Ọmọ mẹ́ta ló gbé fún mi, kò jẹ́ kí ọ̀kankan jábọ́ nínú wọn. Nígbà tí aburú wá dé, ó dì í mọ́ra, kò jẹ́ kó jáde bá mi. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Dókítà Adégbìtẹ́ ní òun á ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé kékeré tó wà lápò ẹ̀, Àbẹ̀ḿbí sì dúró títí ó fi rí i pé ó kọ ọ́ tán kó tó dìde.